Irinṣẹ́ Ìkàwé Inú Tábúlẹ́ẹ̀tì: Ohun Tí Ó Lè Ṣe fún Olùkàwé àti Ohun Tí Ó Kù fún Òǹkọ̀wé

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dárúkọ àkòrí yìí fún ìgbìmọ̀ tí ó yàn mí láti sọ̀rọ̀ lónìí, ọ̀kan nínú wọn bi mí léèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ìdáhùn sí ìbéèrè náà ni ẹ óò gbọ́ láti ìsinsìnyí lọ.

1. Ìfáàrà

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan bẹ̀rẹ̀. Mo ní ọ̀gá kan tí ó kọ́ mi ní àkọtọ́ Yorùbá nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbàgbé àmì ohùn kan péré, pupa ni ìwé rẹ̀ yóò padà sí i lọ́wọ́. Ọ̀gá yìí ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá mú ìwé tuntun lọ fún wọn, wọn a gbà á, wọn a dúpẹ́, wọn a sì gbé e lé orí àwọn ìyókù. Bí mo bá tún padà lọ, wọn kì í sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Ìwé tí mo kà láyé ti tó mi." Mo gbà á bẹ́ẹ̀, mo rò pé àgbà ni ó ń ṣe wọ́n.

Ìyàwó wọn ni ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà ní ọjọ́ kan tí ó sì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún mi. Màmá ní, "Ojú ni, kì í ṣe ìwé. Wọn ò fẹ́ kí ẹ̀yin tí wọ́n kọ́ níwèé mọ̀ ni." Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí ojú kan, wọ́n sì ti pààrọ̀ awò lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ lẹ́tà inú ìwé kò dúró lójú kan fún wọn mọ́. Ọmọ wọn tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti fi tábúlẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́, ṣùgbọ́n inú páálí rẹ̀ ni ó wà lábẹ́ ibùsùn. Ọ̀gá ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní bí ọjà ni inú rẹ̀ rí: ẹnì kan ń ké láti òkè, ẹlòmíràn ń ké láti ìsàlẹ̀, ẹni tí ènìyàn wá bá sọ̀rọ̀ kò sì rí àyè sọ tirẹ̀.

Ní ọjọ́ tí mo sì padà lọ, mo gbé ẹ̀rọ náà jáde, mo ṣí ojú-ewé ìròyìn Yorùbá kan. Bí Ọ̀gá ti wí ni ó rí lóòótọ́. Lẹ́tà rẹ̀ wẹ́wẹ́, ìpolówó ọjà dí ìlàjì rẹ̀, fídíò kan sì ń dá sọ̀rọ̀ ní igun. Mo tẹ àmì kékeré kan tí ó wà lókè. Lójú kan náà, gbogbo ariwo náà kásẹ̀ nílẹ̀. Ó ku àkòrí, orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, àti ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Mo sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá, mo sì sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di àwọ̀ ìwé àtijọ́. Ọ̀gá fà á mọ́ra, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Nígbà tí wọ́n dé ìlà kẹta, wọ́n dúró. Wọ́n ní, "Ta ni ó kọ èyí? Ó fi àmì òkè sí ibi tí àmì ìsàlẹ̀ yẹ kí ó wà." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo mọ̀ pé ọ̀gá mi ti padà dé.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ni pé irinṣẹ́ tí ó wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì lè dá ìwé kíkà padà fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí òǹkọ̀wé bá fún irinṣẹ́ náà ni ó lè fún olùkàwé. Ohun tí òǹkọ̀wé bá bàjẹ́, kò lè tún un ṣe. Nítorí náà, ìdajì iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ ẹni tí ń kàwé, ìdajì kejì wà lọ́wọ́ àwa tí à ń kọ ọ́.

2. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ mẹ́ta kí a tó máa lọ. Ojú-ewé ni mo pe ohun tí à ń kà lórí ayélujára. Aṣàwákiri ni mo pe ohun èlò tí a fi ń ṣí i, bíi Safari, Chrome tàbí Firefox. Irinṣẹ́ ìkàwé ni mo pe apá kan nínú aṣàwákiri tí ó ń yọ ọ̀rọ̀ gan-an kúrò láàárín ariwo tí ó yí i ká, tí ó sì ń tún un tò fún ojú.

Tim Berners-Lee ni ó dá àbá ìtàkùn àgbáyé ní ọdún 1989, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN ní Geneva. Nínú èrò ìpilẹ̀ṣẹ̀ náà, ẹni tí ó kọ ojú-ewé ni yóò sọ ohun tí nǹkan kọ̀ọ̀kan jẹ́: èyí jẹ́ àkòrí, èyí jẹ́ ìpínrọ̀. Ẹ̀rọ ẹni tí ń kà á ni yóò pinnu bí yóò ti rí lójú. Bí a bá fẹ́ lẹ́tà ńlá, a lè ní lẹ́tà ńlá. Ṣùgbọ́n nígbà tí òwò wọ ọ̀rọ̀ náà, ojú-ewé di ibi ìpàtẹ. Àwọn tí ń ṣe é bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára mú ìtò àti àwọ̀ tí ó wù wọ́n, agbára olùkàwé sì dínkù.

Ní ọdún 2009, ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Arc90 ní New York gbé ohun èlò kan jáde tí wọ́n pè ní Readability. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó gba olùkàwé lọ́wọ́ ìpàtẹ náà. Ní ọdún 2010, Apple fi irú rẹ̀ sínú Safari lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n pè é ní Reader. Ọdún 2010 yìí kan náà ni iPad jáde. Ní ọdún 2011, Reader dé orí iPad àti iPhone. Àwọn ará Mozilla náà mú ìlànà Readability, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì kọ́ ọ mọ́ Firefox. Lónìí, ó ṣòro kí a rí tábúlẹ́ẹ̀tì tí kò ní irú irinṣẹ́ yìí nínú, yálà ó wà níta gbangba tàbí ó fara sin.

Ta ni ó nílò rẹ̀? Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2019 sọ pé ó kéré tán, bílíọ̀nù 2.2 ènìyàn ni ó ní ìṣòro ojú, yálà ti ọ̀nà jíjìn tàbí ti ìtòsí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka ara rẹ̀ kúrò. Láti nǹkan bí ọmọ 40 ọdún ni awò inú ẹyin ojú gbogbo ènìyàn ti máa ń le débi tí kì í rọrùn fún un mọ́ láti ká ohun tí ó súnmọ́ ọn. Mo ń wò yín láti ibi tí mo dúró sí yìí, mo sì rí iye àwọn tí ó ń na ìwé ètò wa síwájú kí wọ́n tó lè kà á.

3. Bí irinṣẹ́ náà ti ń ṣiṣẹ́

Irinṣẹ́ yìí kò gbọ́ Yorùbá, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Báwo ni ó ṣe wá mọ èyí tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ àti èyí tí ó jẹ́ ariwo? Ó ń ṣe bí olùkọ́ tí ń fún iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì láìka ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ti Firefox, nítorí àwọn tí ó ṣe é kò fi ìlànà rẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń gba orí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan kọjá. Èyí tí kò bá tó lẹ́tà 25, kò kà á sí rárá. Èyí tí ó bá tó bẹ́ẹ̀ gba máàkì 1. Kọ́mà kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú rẹ̀ ń mú máàkì wá, nítorí pé ẹni tí ń ro èrò gígùn ni ó máa ń lo kọ́mà. Ẹni tí ń polówó kì í lò ó púpọ̀. Lẹ́tà 100 kọ̀ọ̀kan ń mú máàkì 1 wá pẹ̀lú, ṣùgbọ́n gígùn nìkan kò lè mú ju máàkì 3 lọ. Lẹ́yìn èyí, ó ń wo orúkọ tí ẹni tí ó ṣe ojú-ewé fún apá kọ̀ọ̀kan. Bí orúkọ náà bá fi hàn pé ẹ̀gbẹ́ ojú-ewé ni, tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀, máàkì rẹ̀ yóò dínkù. Bí apá kan bá sì kún fún ọ̀nà tí ó lọ sí ojú-ewé mìíràn, a óò tún gé máàkì rẹ̀. Apá tí ó bá gba máàkì jù lọ ni irinṣẹ́ náà yóò gbé síwájú wa.

Ẹ ó rí i pé ọgbọ́n náà rọrùn, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ìròyìn, àròkọ àti ìtàn. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó kù sí, ibẹ̀ sì kan ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa tààrà. Ìlà ewì Yorùbá sábà máa ń kúrú. Bí ẹni tí ó gbé ewì sójú ayélujára bá sọ ìlà kọ̀ọ̀kan di ìpínrọ̀ kan, púpọ̀ nínú àwọn ìlà náà kò ní tó lẹ́tà 25. Mo ti rí i kí irinṣẹ́ náà gbé àlàyé olóòtú jáde ní kíkún, kí ó sì da ewì tí à ń ṣàlàyé nù. Ojútùú rẹ̀ kò le: kí a kó ìlà inú abala ewì kan pọ̀ sínú ìpínrọ̀ kan, kí a sì fi àmì ìlà tuntun pín wọn. Ẹni tí kò mọ̀ kò ní ṣe é.

4. Bí a ti ń lò ó

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ sílé láìmọ bí a ti ń ṣe é. Lórí iPad, ẹ ṣí ojú-ewé tí ẹ fẹ́ kà nínú Safari. Nínú àpótí tóóró tí àdírẹ́sì máa ń wà lókè, àmì kékeré kan wà níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì yan Reader. Lẹ́yìn náà ni ẹ lè mú lẹ́tà tóbi, kí ẹ pààrọ̀ irú lẹ́tà, kí ẹ sì yan àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀: funfun, àwọ̀ ìwé àtijọ́, eérú tàbí dúdú. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ máa ń ka ìwé ìròyìn kan lójoojúmọ́, ẹ lè pàṣẹ pé kí gbogbo ojú-ewé rẹ̀ máa ṣí báyìí fúnra rẹ̀. Lórí àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì tí ń lo Android, Firefox ní àmì tirẹ̀ nínú àpótí àdírẹ́sì bákan náà.

Ènìyàn lè wí pé, "Ṣebí mo lè fi ìka méjì fẹ ojú-ewé náà?" Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni fífẹ̀ àti títúntò. Bí a bá fi ìka fẹ ojú-ewé, ìlà rẹ̀ yóò gùn kọjá etí gíláàsì. A óò máa fa ojú-ewé sọ́tùn-ún kí a lè rí òpin ìlà, a óò tún fà á sósì kí a lè bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kí a tó dé òpin ìpínrọ̀, a ti gbàgbé ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Irinṣẹ́ ìkàwé ní tirẹ̀ ń mú lẹ́tà tóbi, ó sì ń tún ìlà gé kí ó lè bá fífẹ̀ gíláàsì mu. Òkè sí ìsàlẹ̀ nìkan ni ọwọ́ yóò máa lọ.

Ẹnì kan tún lè bèèrè bóyá a kò ja àwọn oníwèé ìròyìn lólè bí a ti ń lé ìpolówó ọjà wọn lọ. Ìbéèrè gidi ni, nítorí owó ìpolówó ni ó ń bọ́ púpọ̀ nínú wọn. Èsì mi ni pé ojú-ewé náà ti kọ́kọ́ ṣí pẹ̀lú gbogbo ìpolówó rẹ̀ kí a tó tẹ àmì náà. Àti pé ẹni tí kò lè ka ìwé náà rárá, kì í ṣe oníbàárà ẹnikẹ́ni.

Fún ẹni tí ojú rẹ̀ ń rẹ̀ kí ó tó parí ìwé, a lè ní kí ẹ̀rọ kà á sí i létí. Lórí iPad, bí a bá ti tan Speak Screen sílẹ̀ nínú ètò ẹ̀rọ náà, a óò fi ìka méjì fa ojú gíláàsì láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Fún ẹni tí kò ríran rárá, ohun mìíràn ni ó ń lò: VoiceOver lórí iPad, TalkBack lórí Android. Ìwọ̀nyí ń ka gbogbo ohun tí ìka rẹ̀ bá kàn. Ṣùgbọ́n àwọn náà ń jàǹfààní nígbà tí a bá ti palẹ̀ ariwo mọ́ kúrò lójú-ewé. Ọ̀rọ̀ nípa ohùn tí ń kàwé yìí ni ó gbé mi dé orí èdè wa.

5. Èdè Yorùbá lábẹ́ irinṣẹ́ náà

Láti ọdún 1875 tí ìjọ C.M.S. ti ṣe ìpàdé lórí àkọtọ́ ní Èkó, títí di ọdún 1974 tí a fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní, iṣẹ́ ńlá ni àwọn aṣáájú wa ṣe kí ọ̀rọ̀ Yorùbá lè dúró lórí ìwé bí ó ti dúró lẹ́nu. Àmì orí àti àmì ìdí lẹ́tà ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn àmì kékeré wọ̀nyí gan-an ni ó kọ́kọ́ ń ṣègbé lójú ẹni tí kò ríran dáadáa. Ẹni tí ń ka Gẹ̀ẹ́sì lè fi ojú bàìbàì gba ọ̀rọ̀ mú nípa ìrísí rẹ̀. Ní ti Yorùbá, igba, igbá, ìgbà, igbà àti ìgbá jọ ara wọn bí ìbejì tí àmì kò bá hàn. Bí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ ṣe rí náà nìyẹn.

Nítorí náà, àǹfààní irinṣẹ́ ìkàwé fún Yorùbá pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ èdè lọ. Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba mẹ́ta.

Èkíní, àyè àárín ìlà. Nínú ojú-ewé tí ìlà rẹ̀ fún mọ́ra, àmì ìdí lẹ́tà ìlà òkè máa ń kọlu àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀. Irinṣẹ́ náà ń fi àyè sáàárín wọn, àmì kọ̀ọ̀kan yóò sì mọ ilé rẹ̀.

Èkejì, ìlà abẹ́ ọ̀rọ̀. Àṣà ayélujára ni láti fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ọ̀nà sí ibòmíràn. Ìlà yìí lè bo àmì ìdí lẹ́tà mọ́lẹ̀. Ọ yóò dà bí o, ẹ yóò dà bí e, ṣ yóò dà bí s. Lẹ́tà ńlá ń ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣe ojú-ewé Yorùbá ni ó yẹ kí ó lo àwọ̀ mìíràn dípò ìlà, tàbí kí ó sún ìlà náà sísàlẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀kẹta, irú lẹ́tà. Nínú ètò Unicode tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé ń lò, é ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà ẹ ni a óò kọ́kọ́ kọ, kí a tó fi àmì ohùn lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀, ọ́ àti ọ̀. Irú lẹ́tà tí kò mọ bí a ti ń gbé àmì lé orí yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí ó fi àpótí òfìfo hàn wá. Nínú irinṣẹ́ ìkàwé, a lè pààrọ̀ irú lẹ́tà tí kò mọ iṣẹ́ yìí sí èyí tí ó mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i. Nígbà kan rí, kí Unicode tó gbilẹ̀ láàárín wa, àwọn kan ń lo lẹ́tà àdáṣe: wọ́n mú àmì ilẹ̀ òkèèrè kan, wọ́n yí àwòrán rẹ̀ padà di ọ̀ tàbí ẹ́. Lójú, Yorùbá ni. Nínú ẹ̀rọ, nǹkan mìíràn ni. Bí irinṣẹ́ ìkàwé bá bọ́ aṣọ yẹn lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò di wúruwùru. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣì wà lórí ayélujára títí di òní, òǹkọ̀wé rẹ̀ nìkan ni ó sì lè tún un kọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ohùn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ pàṣẹ fún tábúlẹ́ẹ̀tì mi pé kí ó ka ìròyìn Yorùbá fún mi, ohùn òyìnbó ni ó jáde, ó ń ka èdè mi bí ẹni tí ń ka orúkọ oògùn. Ohun méjì ni ó fa èyí. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tí ó ṣe ojú-ewé náà kò sọ fún ẹ̀rọ pé Yorùbá ni ó kọ. Lẹ́tà méjì péré, yo, ni a ń kọ sí orí ojú-ewé láti sọ èyí, olùkàwé kì í tilẹ̀ rí i. Bí a kò bá kọ ọ́, ẹ̀rọ lè máa kà á bí Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ ní ohùn Yorùbá nínú. Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ìwádìí lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe ka Yorùbá jáde, iṣẹ́ wọn lórí ìgbésókè-gbésódò ohùn sì fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ohùn tí yóò mọ̀ bóyá igbá ni a ní lọ́kàn tàbí ìgbà, bí àwa tí a kọ ọ́ kò bá fi àmì sí i. Àwọn kan máa ń wí pé àmì ohùn jẹ́ afẹ́ àwọn olùkọ́ èdè, pé ọmọ Yorùbá yóò mọ ohun tí a ní lọ́kàn. Ẹni tí ó bá ń fi etí kàwé kò ní àǹfààní yẹn. Ohun tí a kò kọ, kò ní gbọ́.

6. Ohun tí irinṣẹ́ náà kò lè ṣe

Mo fẹ́ parí ìtàn ọ̀gá mi. Lẹ́yìn ọjọ́ tí mo sọ yẹn, wọ́n di olùkàwé padà. Wọn a ka ìròyìn láàárọ̀, wọn a pè mí lálẹ́ láti bá mi jà lórí àkọtọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọ́fíìsì kan tí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì kàn gbé ìkéde jáde lórí ayélujára pé kí àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì wá fi ara hàn ní ọjọ́ báyìí, ní ibi báyìí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Ọ̀gá sọ fún wọn pé ìkéde wà. Wọ́n ṣí ojú-ewé náà fúnra wọn, wọ́n tẹ àmì tí mo fi hàn wọ́n. Òfìfo ni wọ́n rí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n tẹ ìkéde náà sórí bébà, wọ́n buwọ́ lù ú, wọ́n gbá òǹtẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n wá fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Àwòrán náà ni wọ́n gbé sójú ayélujára. Lójú ẹni tí ó ríran, ọ̀rọ̀ ni. Lójú irinṣẹ́ ìkàwé, fọ́tò ni, kò yàtọ̀ sí fọ́tò ewúrẹ́. Kò sí lẹ́tà kankan nínú rẹ̀ tí a lè mú tóbi, kò sí ọ̀rọ̀ tí ohùn lè kà. Ọ̀gá fi ìka fẹ àwòrán náà títí ó fi di kùrukùru. Ojú tì wọ́n láti pe ọmọ àdúgbò pé kí ó wá kà á fún wọn. Wọ́n ka 8 sí 18 níbi ọjọ́ tí a dá. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ètò ti kásẹ̀ nílẹ̀. Oṣù márùn-ún gbáko ni owó wọn fi dúró kí a tó tún un ṣe.

Inú bí mi púpọ̀. Mo fẹ́ kọ ìwé ẹ̀sùn sí ọ́fíìsì náà. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ tí mo jókòó láti kọ ọ́, mo kọ́kọ́ lọ wo àwọn ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí èmi fúnra mi gbé sórí ayélujára fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Mọ́kànlá ni wọ́n. Mẹ́jọ nínú wọn jẹ́ fọ́tò ìwé tí mo ti tẹ̀ látijọ́. Mo ti ní akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú kíláàsì mi rí tí ojú rẹ̀ kò dára, ọmọ tí ó gbọ́n, tí ó sì máa ń gbọ́ ju bí ó ti ń kà lọ. Mo máa ń wí fún un pé kò kàwé tó. N kò fi ìwé ẹ̀sùn náà ránṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwé àkọ́kọ́ tẹ̀.

Ìlànà wà fún gbogbo èyí. Ẹgbẹ́ W3C, tí ń bójú tó ìtàkùn àgbáyé, gbé ìlànà àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1999, wọ́n ṣe òmíràn ní 2008, wọ́n sì tún fi kún un ní 2018 àti 2023. Ó ní kí a má ṣe fi àwòrán rọ́pò ọ̀rọ̀. Ó ní kí lẹ́tà lè tóbi tó ìlọ́po méjì láìba ojú-ewé jẹ́. Ó ní kí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín lẹ́tà lásán àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, èyí tí ó túmọ̀ sí pé lẹ́tà eérú lórí funfun tí ó wọ́pọ̀ lóde òní sábà máa ń kùnà. Ó sì ní kí a sọ èdè tí a fi kọ ojú-ewé.

Ní orílẹ̀-èdè wa, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin kan ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀. Òfin náà fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún 5 láti ṣe àtúnṣe kí gbogbo ènìyàn lè wọ̀ ọ́. Nígbà tí a bá gbọ́ èyí, àtẹ̀gùn ni a máa ń rántí. Ṣùgbọ́n ojú-ewé náà ní àtẹ̀gùn tirẹ̀, ọ̀gá mi sì ti ṣubú lórí rẹ̀.

7. Àbá àti ìparí

Àbá mi kò pọ̀. Sí ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé: ẹ wá àmì náà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì tàbí fóònù yín kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, kí ẹ sì fi han àgbàlagbà kan nílé. Má bi í léèrè bóyá ojú ń dùn ún. Ó lè sọ pé ìwé ti tó òun. Ṣí ìwé tí ó fẹ́ràn, kí o gbé e lé e lọ́wọ́.

Sí àwa tí à ń kọ̀wé: ẹ jẹ́ kí a tẹ ọ̀rọ̀, kí a má ya fọ́tò rẹ̀. Bí a bá nílò òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé, kí fọ́tò náà wà, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ ní kíkún. Kí a fi àkòrí tòótọ́ sí iṣẹ́ wa, kí a pín in sí ìpínrọ̀, kí a kọ Yorùbá ní Unicode pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí a sì sọ fún ẹ̀rọ pé Yorùbá ni. Lẹ́yìn èyí, kí a fi irinṣẹ́ ìkàwé ṣí i fúnra wa kí a tó fi ránṣẹ́. Ohun tí ó bá ṣègbé níbẹ̀ ti ṣègbé fún ẹnì kan.

Sí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí: mo bẹ̀bẹ̀ pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbogbogbò wọ̀nyí. Kí èyí tí mo ń kà yìí jẹ́ àkọ́kọ́ tí a óò gbé jáde ní ọ̀nà tí ẹ̀rọ lè gbà tún un tò. Mo ti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé mi mẹ́jọ, mo ti tún mẹ́fà tẹ̀. Ó ku méjì.

Mo ti fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi ṣáájú kí n tó wá síbí. Wọ́n pè mí ní àná. Wọ́n ní àwọn kà á tán láìsí ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àti pé àṣìṣe àmì ohùn mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀. Mo ti tún un ṣe. Bí ẹ bá rí karùn-ún, èmi ni mo ni ẹ̀bi rẹ̀.